Ta ni ìtọ́jú ibojì àwọn ológun tí wọ́n kú sílé wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọmọ Ẹ̀gbá béèrè:

Mo kí ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Bàbá tí ó bí bàbá mi wà lára àwọn sójà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ jà ní Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó padà wálé láàyè, ó ṣe àgbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé, a sì sin ín sí itẹ́ òkú gbogbogbòò ìlú wa pẹ̀lú àwo idẹ tí a kọ nọ́ńbà iṣẹ́ ológun rẹ̀ sí. Wọ́n ti yọ àwo náà lọ báyìí, wọ́n ti gé irin tí a fi ṣe ọgbà yí i ká, igbó sì ti bo ibojì rẹ̀ àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó wà nítòsí. Ó dùn mí wọra, nítorí mo ti rí itẹ́ òkú àwọn ológun ní Ìbàdàn tí àjọ Commonwealth War Graves Commission ń tọ́jú. Ǹjẹ́ kò yẹ kí àjọ yẹn tọ́jú ti bàbá wa náà? Bí kì í bá ṣe àwọn, ta ni kí n lọ bá?

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì dáhùn:

Ẹ kú ìrọ́jú ọ̀rọ̀ yìí. Àjọ tí ẹ dárúkọ, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1917, kò ní ojúṣe lórí ibojì bàbá yín, nítorí pé àwọn tí ó kú láàárín àkókò tí wọ́n là kalẹ̀ fún Ogun Àgbáyé méjèèjì nìkan ni ó wà fún: láti oṣù Kẹjọ 1914 sí oṣù Kẹjọ 1921, àti láti oṣù Kẹsàn-án 1939 sí ìparí ọdún 1947. Ẹni tí ó bọ́ aṣọ ogun, tí ó padà sí oko rẹ̀, tí ó sì kú ní ọjọ́ ogbó, ẹbí rẹ̀ ni ó ni ín. Àwọn tí ó kú sójú ogun pàápàá, kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n ṣe ẹ̀tọ́ fún: ní ọdún 2021, àjọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́, ó sì tọrọ àforíjì, pé ó kéré tán ènìyàn 116,000 tí ó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Áfíríkà àti Àárín Ìlà-Oòrùn, ni a kò kọ orúkọ wọn síbì kankan.

Ní ti ilẹ̀ itẹ́ òkú, Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ìtọ́jú rẹ̀ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí alága, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí.

Ìyá Ìjẹ̀bú dáhùn:

Ọmọ mi, mo bá ọ kẹ́dùn. Kò sí ẹni tí yóò wọ itẹ́ òkú lọ yọ idẹ bí kò bá sí ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìbéèrè ibi tí ó ti rí i. Nígbà tí olè ń yọ àwo idẹ lára àwọn ọwọ̀n ìrántí ogun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2013 ka fífi owó ọwọ́ (cash) ra irin àlòkù léèwọ̀, kí orúkọ ẹni tí ó tà á lè wà nínú àkọsílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tún ibojì náà ṣe, ẹ má fi idẹ sí i mọ́. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà fi kọnkéré rẹ́ ẹ, kí ó sì kọ orúkọ àti nọ́ńbà bàbá sínú rẹ̀ nígbà tí ó ṣì tutù. Ẹwà rẹ̀ lè má tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n olè kò ní rí i tà.

Ọ̀pọ̀ ojúgbà bàbá rẹ ni wọn kò tilẹ̀ sin sí itẹ́ òkú. Inú ilé tàbí ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin wọ́n sí gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, àwọn ọmọ sì ta ilé náà. Èyí dùn mí ju ọ̀rọ̀ idẹ lọ, nítorí pé ọwọ́ ọmọ ni ó ti wá.

Sójà Àná dáhùn:

Ológun ni èmi náà, mo sì bá ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun apẹ̀tùsááwọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lọ sí Làìbéríà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní lọ́dọọdún, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, àwọn aláṣẹ máa ń gbé òdòdó sí ibojì ológun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó tọ́, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n ka àwọn tí a mọ orúkọ wọn sí pẹ̀lú. Ẹ mú ìwé tí wọ́n fi dá bàbá sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lọ bá ẹ̀ka Nigerian Legion, ẹgbẹ́ àwọn ológun tí ó ti fẹ̀yìntì, ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ ya fọ́tò gbogbo ibojì ológun tí ó wà níbẹ̀, kì í ṣe ti bàbá yín nìkan, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí ìmọ́tótó itẹ́ òkú náà wọ inú ètò ọjọ́ ìrántí. Ẹ lọ kí oṣù Kọkànlá tó parí, nítorí ìmúrasílẹ̀ fún oṣù Kìíní kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀.