Ẹ gbà mí o! Sínágọ́gù ìlú kékeré wo la lè mú ọmọ lọ?

ÌyáDámi: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Cardiff. Iṣẹ́ àṣetiléwá Dámi ni: ìtàn àwọn Júù ìlú kékeré kan ní Wales. Ọjọ́ Ajé ni tíṣà máa gbà á. Ibo la máa lọ? Ẹ jọ̀ọ́, kíá!

DaddyT: Merthyr Tydfil, Bryntirion Road. Iléeṣẹ́ irin ló kó èrò lọ síbẹ̀, àwọn Júù náà bá wọn lọ, wọ́n ń tajà fún òṣìṣẹ́. Nínú àwọn sínágọ́gù tí wọ́n dìídì kọ́ ní Wales tó ṣì dúró, òun ló pẹ́ jù. 1877 ni. Dírágónì tó jẹ́ àmì Wales wà lókè iwájú rẹ̀!

Abíọ́lá_Newport: Ẹ má dán an wò o. Èmi àtàwọn ọmọ lọ sí sínágọ́gù kan, mi ò ní dárúkọ ìlú. Ọkùnrin ẹnu géètì ò jẹ́ ká wọlé. Òjò pa wá bí ẹyẹlé. Wọ́n ń wò wá bí olè!

AuntyRónkẹ́: Tí ẹ ò bá kọ̀wé ṣáájú, ta ni kó ṣílẹ̀kùn?

Abíọ́lá_Newport: Aunty, ṣé ọmọ ọdún mẹ́jọ náà ń jalè ni?

AuntyRónkẹ́: Ẹ lọ ka ti Tredegar, ìlú kékeré kan ní Wales níbí, oṣù kẹjọ 1911. Wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn Júù, wọ́n kó wọn lẹ́rù, ó ràn dé àwọn ìlú tó yí i ká, títí Churchill, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà yẹn, fi kó sójà wá. Ẹni tí irú ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí máa ní ẹ̀ṣọ́.

Pásítọ̀_Gbọ́: Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn kan ń sọ pé àwa Yorùbá gan-an, Júù ni wá?

Abíọ́lá_Newport: Pásítọ̀, Odùduwà ò gbé Merthyr o.

DaddyT: Merthyr ò ní ẹ̀ṣọ́ kankan, ìjọ ti tú. Iṣẹ́ kú, àwọn ọmọ ṣí lọ sí ìlú ńlá. Wọ́n tà á ní 1983, ó di ilé Kírísítẹ́nì, ó tún di jíìmù. Foundation for Jewish Heritage, àjọ tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́ àwọn Júù, rà á ní 2019, wọ́n fẹ́ fi ṣe ilé ìtàn àwọn Júù Wales. Ẹ wo ìta rẹ̀, kẹ́ ẹ yà sí ibi ìsìnkú wọn ní Cefn-Coed.

ÌyáDámi: Ẹ ṣé gan-an. Tredegar la ń lọ lọ́la.

DaddyT: Há! Kí lẹ fẹ́ wò níbẹ̀, aago àárín ìlú?

ÌyáDámi: Ti sójà yẹn ni Dámi fẹ́ kọ, kò gbọ́ tẹlòmíì mọ́. Bàbá ẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní Ebbw Vale nítòsí ibẹ̀, òun ló máa gbé wa.