Ìwé mẹ́ta, ṣọ́ọ̀bù méjì ní Àkúrẹ́: báwo lẹ ṣe ń pa wọ́n pọ̀?

Ìyá Tọ́lá, Manchester:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọmọ Àkúrẹ́. Ẹni tó bá mọ Excel dáadáa, ẹ gbà mí. Mo ní ṣọ́ọ̀bù méjì nílé, ọ̀kan ní Ọjà Ọba, èkejì ní Ìsìkan. Ní Ọjà Ọba, áàpù ló ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá tà, àbúrò mi ọkùnrin ló wà níbẹ̀. Ní Ìsìkan, inú ìwé ni ọmọbìnrin tó ń bá mi tajà ń kọ ọ́ sí, á wá tẹ̀ ẹ́ sórí Google Sheets lálẹ́ Sátidé. Ẹ̀kẹta ni státímẹ́ǹtì báńkì, torí POS àti tiransífà. Bí oṣù bá parí, màá jókòó, màá máa da wọ́n kọ títí ojú mi á fi pọ́n.

Oṣù tó kọjá, àpapọ̀ owó tí mo rí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí mo ń retí. Mo bi àbúrò mi pé owó dà. Ó ní owó wo? Ọ̀rọ̀ di ariwo, ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ kan báyìí tí kò gbé fóònù mi.

Ọmọ Ìjàpọ̀, Calgary:
Ẹ ra áàpù kan náà fún ṣọ́ọ̀bù méjèèjì, kí ẹ sinmi.

Ìyá Tọ́lá, Manchester:
Ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi ra iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ ọn?

Bàbá Ìbejì, Houston:
Àǹtí wa, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ béèrè. Ṣé ẹ kó státímẹ́ǹtì báńkì sábẹ́ ìwé ọjà, tí ẹ wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀?

Ìyá Tọ́lá, Manchester:
Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé kò yẹ ni?

Bàbá Ìbejì, Houston:
Ibẹ̀ gan-an ló ti dàrú. Ẹni tó ra ìrẹsì tó fi POS sanwó, áàpù ti kọ ọ́, báńkì náà tún kọ ọ́. Owó kan ṣoṣo ni, ẹlẹ́rìí ló di méjì. Ẹ sì ro ẹlẹ́rìí mọ́ ẹlẹ́rìí.

Láti Excel 2016 ni Power Query, irinṣẹ́ tó ń kó àkọsílẹ̀ jọ, ti wà nínú rẹ̀. Ẹ lọ sí Data, ẹ tẹ Get Data. Ọ̀nà méjì ló fi ń pa àkọsílẹ̀ pọ̀. Append máa ń tò wọ́n lé ara wọn bí ẹni ń to páálí mílíìkì. Ìyẹn ni ti Ọjà Ọba àti Ìsìkan, torí ọjà títà ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n kí orúkọ òpó bára mu o. Bí ọ̀kan bá kọ “Iye”, tí èkejì kọ “Iye owó”, òpó méjì ọ̀tọ̀ ni yóò fi ṣe, àlàfo á wá kún ibẹ̀.

Merge ní tirẹ̀ ń so wọ́n pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nípasẹ̀ ohun kan tó wà nínú ìwé méjèèjì, bíi nọ́ńbà rìsíìtì POS. Ọ̀nà tí áàpù àti báńkì fi gbọ́dọ̀ pàdé nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ yọ àwọn tó san káàṣì kúrò, kí ẹ wá mú Left Anti nígbà tó bá bi yín ní irú èyí tí ẹ fẹ́. Ọjà tí báńkì ò mọ̀ rárá nìkan ni yóò ṣẹ́ kù. Ẹ má retí pé kí náírà bá náírà mu géérégé: báńkì ń yọ owó tirẹ̀, owó míì sì lè di ọjọ́ kejì kó tó wọlé.

Ẹ̀gbọ́n Dublin:
Ẹ ṣọ́ déètì pẹ̀lú. Wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ áàpù bíi ti Amẹ́ríkà, oṣù ló ń ṣáájú. 03/25 kò ní yọ yín lẹ́nu, torí kọ̀ǹpútà Manchester á pariwo pé kò sí oṣù 25. 03/04 ni olè. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yín á kà á sí ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin láìjiyàn, ọjà oṣù kan á sì bọ́ sínú òmíràn. Ẹ pa ìgbésẹ̀ Changed Type tó ṣe fúnra rẹ̀ rẹ́, ẹ tẹ orí òpó náà, Change Type, Using Locale, kí ẹ yan Gẹ̀ẹ́sì ti Amẹ́ríkà.

Ọmọ Ìjàpọ̀, Calgary:
Ó dáa, ẹ jẹ́ kí èmi náà wúlò. Lójú Merge, “milo” àti “Milo” kì í ṣe ọ̀kan náà. “Isikan” àti “Ìsìkan” ńkọ́? Ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Èyí tó tiẹ̀ lè múni ya wèrè ni pé ẹ́ tí a tẹ̀ lórí fóònù àti ẹ́ tí a tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà lè rí bákan náà lójú, kó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe to àmì mọ́ lẹ́tà yàtọ̀ nínú lọ́hùn-ún. Mo fi wákàtí mẹ́ta jókòó ti orúkọ àwọn ọmọ ìjọ wa nítorí ẹ̀. Ẹ fún ọjà kọ̀ọ̀kan ní kóòdù, IR01 fún ìrẹsì, MI02 fún mílíìkì, kí ẹ fi ìyẹn so wọ́n.

Bàbá Ìbejì, Houston:
Bí ẹ bá fẹ́ so ìwé tí ẹ kọ iye owó ọjà sí mọ́ ọn, kí kóòdù kọ̀ọ̀kan má ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú rẹ̀. Bí iye àtijọ́ àti iye tuntun bá jọ wà níbẹ̀, ọjà tí ẹ tà lẹ́ẹ̀kan á di ìlà méjì. Ẹ máa ka ìlà kí ẹ tó so àti lẹ́yìn tí ẹ so ó.

Ìyá Tọ́lá, Manchester:
Ẹ kú iṣẹ́, mo ti jókòó tì í láti àná. Àpapọ̀ ti wálẹ̀ síbi tó yẹ. Left Anti mú ìlà mọ́kànlá jáde. Káàṣì tí àbúrò mi gbàgbé láti sàmì sí ni mẹ́sàn-án; tiransífà tí kò wọlé rárá ni méjì. Ṣé látìbẹ̀rẹ̀ ni màá tún bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀?

Bàbá Ìbejì, Houston:
Rárá o. Ẹ fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀, ẹ má da ti báńkì mọ́ ti áàpù. Ẹ lo From Folder, tó ń kó gbogbo fáìlì inú fódà wọlé. Bí fáìlì tuntun bá dé, ẹ jù ú síbẹ̀, ẹ tẹ Refresh All, ó parí. Àbúrò yín ńkọ́?

Ìyá Tọ́lá, Manchester:
Fóònù ìyàwó rẹ̀ ni mo fi bá a sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun ti gbọ́, òun á máa fi fáìlì ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n ṣáà fi owó dátà ránṣẹ́.

Ọmọ Ìjàpọ̀, Calgary:
Ẹ fi ránṣẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀kan ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.