Ta ló sọ ìbínú ní "ìmọ̀lára búburú"?

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ èdè, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjíròrò. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò pọ̀: a ń kó ọ̀rọ̀ jọ fún àwọn tó ń kọ̀wé lórí ìṣèlú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, a sì ń wá orúkọ kan tí yóò kó ìbínú, ẹ̀rù, ìtìjú, ìbànújẹ́, ìlara àti ìkórìíra pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan. Ẹ̀gbọ́n wa kan ti dá "ìmọ̀lára búburú". Àbúrò wa kan ní kò tẹ́ òun lọ́rùn, ó ní ká sọ ọ́ di "ìmọ̀lára òdì". Ọ̀pọ̀ ti wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kò sẹ́ni tí tiwọn kò ní yé. Òótọ́ ni, ó yé mi. Ohun tó fà á gan-an nìyẹn tí n kò fi fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú òdì kúrò nílẹ̀, kò ní pẹ́. Aṣọ la máa ń wọ̀ lódì. Ọ̀rọ̀ òdì lẹni tó bú Ọlọ́run sọ. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ tó ń sunkún, kí ló ṣe lódì? Ibi tó yẹ kí ìbànújẹ́ wà gan-an ló wà. Ẹ sì tún wo bí a ṣe ń tẹ Yorùbá lórí fóònù láìfi àmì ohùn sí i. Ẹlòmíràn yóò kà á sí odì, bíi ti àwọn tó ń bára wọn yan odì, ẹlòmíràn yóò kà á sí odi tí wọ́n mọ yí ìlú ká. Kò burú fún àwàdà, àmọ́ kò yẹ ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa yẹ̀ wò.

"Búburú" ló yẹ ká jókòó tì. Ọ̀rọ̀ yẹn ti dá ẹjọ́ kó tó gbọ́ ẹnu ẹnikẹ́ni. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ tí inú sì bí, ìwé wa yóò ti sọ fún un pé ohun búburú kan ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ tí ara tù ú yóò sì máa rìn lọ ní tirẹ̀. Ó rọrùn fún alágbára láti fẹ́ràn irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ní 1981, Audre Lorde, akéwì adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ìbínú sí ìwà ìkórìíra ẹ̀yà, ó ní ìbínú kún fún ìròyìn àti agbára, pé kí ẹni tó bá gbọ́ ọ má ṣe sá fún un. Tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀, Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìsì àtijọ́, ti sọ pé ìbínú ni ìrora tó ń mú kéèyàn fẹ́ gbẹ̀san ìwọ̀sí tí kò tọ́ sí i. Ẹ kíyè sí "tí kò tọ́ sí i" yẹn. Ìdájọ́ wà nínú ìbínú fúnra rẹ̀: ẹni tó ń bínú ti sọ pé wọ́n ṣe òun ní àìdáa. Ó lè jẹ́ irọ́, ó sì lè jẹ́ òótọ́. A ó ní láti wádìí rẹ̀, àwa tí a ń ṣe ìwé ọ̀rọ̀ kọ́ ló yẹ kó bá a parí ẹ̀.

Wàyí o, ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu. Inú bí mi. Ẹ̀rù bà mí. Ojú tì mí. Èmi kọ́ ni olùwà nínú èyíkéyìí. Inú, ẹ̀rù, ojú ni olùwà. Èmi ni àbọ̀, èmi ni nǹkan dé bá. Ti ìbànújẹ́ náà kò jìnnà sí i: inú mi ló bàjẹ́, n kò ní ju pé èmi ni mo ni inú. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tún ní ẹ̀dà kejì: mo bínú, mo bẹ̀rù, mo tijú, mo banújẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe ti gbé ọ̀rọ̀-orúkọ mì, èmi ti di olùwà, ó ti di ohun tí mò ń ṣe. Ẹ fi àṣẹ dán an wò. "Má bínú" dùn ún sọ. "Má bẹ̀rù", "má tijú", ojoojúmọ́ là ń sọ wọ́n. Ta ló lè pàṣẹ fún ojú kó má ti èèyàn? Àdúrà la máa ń fi ìyẹn gbà: kí ojú má tì wá.

Nítorí náà, nígbà tí Yorùbá bá ní "ẹ má bínú", kò sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ kò dunni, kò sì sọ pé inú kò gbọ́dọ̀ bí ẹnikẹ́ni. Inú ti bí i ná. Ohun tí a ń bẹ̀ ẹ́ fún ni pé kó má gbà á mọ́ra. Ẹ gbọ́ tọkọtaya kan:

"Ẹ bí mi nínú."

"Mo bí ọ nínú lóòótọ́, mo sì ti ní kó o má bínú. Àárọ̀ nìyẹn. Ta ló wá ní kó o máa bínú bọ̀ títí di alẹ́?"

"Ẹ ò tíì sọ ohun tí ẹ ṣe."

Gbogbo àríyànjiyàn wa ló wà nínú gbólóhùn mẹ́ta yìí. Ọkọ gbà pé òun ló fa inú bíbí. Bíbínú, ó ní ti ìyàwó ni. Ìyàwó ní bíbínú òun ṣì níṣẹ́ tó ń ṣe, nítorí ẹ̀bẹ̀ dé ṣáájú ìjẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni olóṣèlú ṣe ń ṣe wá ní gbogbo orílẹ̀-èdè ayé. Yóò jáde sórí tẹlifíṣọ̀n, yóò ní kí ará ìlú má bínú, yóò ní ó dun òun náà, kò sì ní dárúkọ ohun tó ṣe. Bí ìwé wa bá ti wá sọ ìbínú ní "búburú", ẹni tó kọ̀ tí kò tíì gba ẹ̀bẹ̀ náà ni yóò dà bí ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí wo ìtumọ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta 1933, nígbà tí ọ̀rọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dojú rú tí àwọn ènìyàn ń sáré kó owó wọn kúrò ní báńkì, Franklin Roosevelt búra wọlé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ, ó ní ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí àwọn bẹ̀rù ni ẹ̀rù fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló lò lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́nu tiwa, iṣẹ́ náà ti pín: ẹ̀rù ni ohun tó dé bá wọn, bíbẹ̀rù ni ohun tó kù sí wọn lọ́wọ́. Mo rò pé gbólóhùn yẹn dára ní Yorùbá ju bó ṣe wà níbi tó ti wá lọ, bí kò bá ní bí ẹnikẹ́ni nínú.

A sì ní ẹ̀dà kẹta, tí olóṣèlú mọ̀ ju àwa lọ: dẹ́rù bà, mú bínú, dójú tì. Níbí, ẹlòmíràn ni olùwà. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án 1964, àwọn tó ń polongo fún Lyndon Johnson, ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà náà, gbé ìpolówó kan jáde: ọmọdébìnrin kékeré ń já ewé òdòdó, ó ń ka iye rẹ̀; ohùn ọkùnrin kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà sẹ́yìn, bọ́ǹbù átọ́míìkì sì bú gbàù. Wọn kò dárúkọ Barry Goldwater tó ń bá a du ipò rárá. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sanwó fún un láti jáde, ilé ìròyìn ló tún un gbé kiri fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Kí la ó wá kọ síbẹ̀: pé ará ìlú ní "ìmọ̀lára búburú"? Àwọn kọ́ ni olùwà gbólóhùn náà.

Ohun mìíràn tí orúkọ kan ṣoṣo ń bò mọ́lẹ̀ ni pé àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í darí èèyàn síbì kan náà. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2001, Jennifer Lerner, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí láàárín àwọn ará Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2003. Àwọn tí wọ́n mú rántí ẹ̀rù rí ewu tó pọ̀ níwájú. Àwọn tí wọ́n mú rántí ìbínú rí èyí tó kéré. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni o. Aristotle náà ti sọ ọ́ pé ẹ̀rù a máa mú èèyàn jókòó gbèrò. Ìjọba tó bá fẹ́ jagun yóò wá ìbínú. Èyí tó bá fẹ́ kí gbogbo ènìyàn jókòó sílé yóò wá ẹ̀rù. Ẹni tó kó méjèèjì sínú àpò kan kò ní mọ èyí tí wọ́n ń tà fún un.

Ìkórìíra wá ńkọ́? Òun àti ìlara ni wọn kò ní ẹ̀dà àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé ìlara bà á. Mo ń ṣe ìlara ni, mo ń jowú ni, mo kórìíra ni. Èmi ni olùwà látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan sì tú kórìíra sí kó àti ìríra, ìtumọ̀ yẹn sì bọ́ sí mi lọ́kàn. Nǹkan rí mi lára: ìyẹn dé bá mi, bí òórùn ṣe ń dé báni. Kíkó ìríra náà jọ sórí ẹnìkan, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Rédíò RTLM ní Rwanda, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, ṣe iṣẹ́ yẹn ní gbangba. Ó ń pe àwọn Tutsi, ẹ̀yà kan níbẹ̀, ní inyenzi, ìyẹn aáyán. Aáyán kì í bí èèyàn nínú, kì í sì í dẹ́rù ba ọ̀pọ̀. Ríríni lára ló wà fún, ẹsẹ̀ la sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Ìpakúpa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 1994. Ní 2003, ilé ẹjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ Rwanda dá méjì lára àwọn olùdásílẹ̀ rédíò náà lẹ́bi. Èyí ni mo lè pè ní búburú láìrojọ́. Ṣùgbọ́n tí búburú bá ti jẹ́ orúkọ ìtìjú ọmọdé tó gbàgbé ewì lójú agbo, kí ló kù tí a ó pe ti Rwanda?

Ẹ̀gbọ́n yóò bi mí pé ṣé ohun tó korò kọ́ ni búburú ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí "yọ̀". Ọ̀tá mi ń yọ̀ mí. Àwọn ará Jámánì ní ọ̀rọ̀ kan fún un, Schadenfreude, tí gbogbo ayé ń tọrọ lò bí ẹni pé kò sí níbòmíràn, bẹ́ẹ̀ àtijọ́ la ti ń bẹ Ọlọ́run kó má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀tá yọ̀ wá. Ayọ̀ ni, ó ń dùn mọ́ ẹni tó ń ṣe é, ìwà ìkà ni síbẹ̀. Abala wo nínú ìwé wa la ó fi í sí? "Ìmọ̀lára rere"? Dídùn àti kíkorò ń sọ bí nǹkan ṣe rí lára ẹni tó ní in. Rere àti búburú ń sọ ohun tí a rò nípa rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Nítorí náà, "ìmọ̀lára kíkorò" ni mo fẹ́ ká fi rọ́pò. A ti ní ìkorò ọkàn tẹ́lẹ̀, etí kò ní ṣàjèjì sí i, àti pé oògùn tó korò ṣì ń jẹ́ oògùn. Lábẹ́ rẹ̀, mo dábàá ọ̀rọ̀ méjì: "adébáni" fún ẹ̀dà inú bí mi, "àgbàmọ́ra" fún ẹ̀dà mo bínú. (Mo kọ́kọ́ ro "abani", àmọ́ abanijẹ́ ti sún mọ́ ọn jù, ẹ̀yin aláwàdà kò ní jẹ́ kí n sinmi.) Fún ìbínú aláìlágbára tí Nietzsche, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Jámánì, kọ̀wé lé lórí ní 1887, èyí tí kò lè jáde tó sì ń bàjẹ́ sínú títí tí onítọ̀hún fi ń pe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó ní ohun tí kò dára, mo wà lẹ́yìn ẹni tó mú "ìkùnsínú" wá. Kò kó ìtumọ̀ náà tán, ṣùgbọ́n ó mú ibi tó ṣe kókó: a kò gbọ́ ọ síta.

Èyí tí n kò rí orúkọ fún ni ti ẹni tí wọn kò ṣe nǹkan kan fún, tí ìwọ̀sí ẹlòmíràn ń dùn. Ìbínú kò tó o, ìrunú gbóná jù fún un, àánú kò sì ní ẹ̀san nínú. "Ó ká mi lára" ni mo máa ń sọ lẹ́nu, àmọ́ nígbà tí mo bá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, "ìkálára", ó dà bí orúkọ àìsàn. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó mú un wá pẹ̀lú gbólóhùn tí ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn.