Ìdánwò àwa òṣìṣẹ́ ìlera: ẹ sọ èyí tí ojú yín ti rí

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìsùn. Ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún àwa tí a ti ń gbowó oṣù ni mo fẹ́ ká sọ, kì í ṣe ti ọmọ ilé ìwé. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ níbí, wọ́n á kó wa jọ, wọ́n á pín ìwé: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ibà, ikọ́ fée, oògùn ọkàn. Kóo fa igi sí A, B, C tàbí D. Ìyẹn kì í nira. Ta ni kò mọ̀ pé láti 140/90 lọ sókè la ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru?

Ìbéèrè kan wà tó máa ń gbé ọ̀pọ̀ wa ṣubú. Aláìsàn dákú, kò mí, a fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, iṣan kò lù, ìlà ojú ẹ̀rọ tó ń fi lílù ọkàn hàn tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí lo máa ṣe? Ẹ̀rọ iná mànàmáná ni wọ́n máa ń mú, kí wọ́n fi gbá a láyà, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú fíìmù nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọkàn tó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì tí kò lè ti ẹ̀jẹ̀ síwájú ni iná wà fún. Èyí tó ti dákẹ́ pátápátá, ẹ máa tẹ àyà rẹ̀, ẹ fún un ní adrénaline, oògùn tó ń ta ọkàn jí, 1 mg sínú iṣan, ẹ tún un fún un ní ìṣẹ́jú 3 sí 5, kí ẹ sì máa wá ohun tó fà á.

Lẹ́yìn ìwé, dókítà tó ń dán wa wò tẹ́ ọmọláńgidi tí a fi ń kọ́ àyà títẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Àbúrò wa kan tó gba máàkì ju gbogbo wa lọ kúnlẹ̀, ó ká ìgúnpá, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Dókítà ní kó na apá gbọnrangandan, kó tẹ̀ ẹ́ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, kó má kọjá 6, kó jẹ́ kí àyà padà sókè kó tó tún tẹ̀ ẹ́. Ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá tẹ̀ ẹ́ ní 30, kó fẹ́ èémí sí i ní 2. Kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, òógùn ti bo ọmọ náà, ọwọ́ rẹ̀ kò wọlé mọ́. Gbogbo wa la ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ká máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa ní ìṣẹ́jú méjì-méjì. Ọjọ́ yẹn la rí ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?

Agbẹ̀bí Kétu
Tàntí, ẹ ṣeun. Tiwa ní Kétu, ẹnu ni wọ́n fi ń bi wá, níwájú àpótí oògùn gangan. Ọ̀gá á mú sulfate de magnésium, tí a ń fún aboyún tí gìrì mú, á ní: "Kí lo máa wò kóo tó fún un ní èyí tó kàn?" Kíá lẹ máa dáhùn: ṣé orúnkún ṣì ń ta bí a bá fi òòlù kékeré gbá a, ṣé ó ń mí tó 16 ní ìṣẹ́jú kan, ṣé ìtọ̀ rẹ̀ tó mílílítà 30 ní wákàtí kan. Kí ẹ wá nawọ́ mú gluconate de calcium tó jẹ́ ẹ̀rọ̀ rẹ̀ bó bá pọ̀ jù lára. Ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ tí kò mọ ibi tó wà, kò yege. Mo fẹ́ràn ìdánwò yẹn, bí àyà mi tilẹ̀ máa ń já.

Nígbà míì, ọ̀gá kan náà á jókòó bí ìyá àgbà tó ti oko dé: "Ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀, ṣé kí n fi oògùn yìí sílẹ̀? Ó ń wú mi lẹ́sẹ̀." Amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ló ń wú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ó sọ fún màmá pé oògùn náà ló jẹ́ kó wálẹ̀, kí wọ́n má dá a dúró fúnra wọn, kí dókítà wò ó bóyá a ó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wá wo bí àwọn kan ṣe ń wo àjà!

Ará Sábẹ̀
Ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì, mo kí yín. Ẹ̀yin tiẹ̀ rí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Tiwa, ìdáhùn tí wọ́n gbé wá ló ṣìnà. Ọmọ kan wọn kílò 14, ibà líle mú un, abẹ́rẹ́ artésunate mílígíráàmù mélòó? Mo kọ 42. Alábòójútó fa pupa sí i, ó ní 33.6. 2.4 ló fi sọ 14 di púpọ̀. Mo ní, ọ̀gá, ọmọ tí kò tó kílò 20, 3 mg ni fún kílò kọ̀ọ̀kan, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti yí i padà láti 2015. Ó ní kí n jókòó. Mo jókòó, mo yọ fóònù, mo ṣí ìwé wọn, mo ní kí ẹni iwájú bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kà á, ó tún un kà, ó ní ká fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀. Fi sílẹ̀ kẹ̀! Kò fún wa ní máàkì kankan lórí rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àjàṣẹ́
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé òótọ́ ni pé a kì í fi nifédipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, sábẹ́ ahọ́n mọ́ bí ẹ̀jẹ̀ bá lọ sókè lójijì? Àgbà kan níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ṣì ń ṣe é.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́
Òótọ́ ni, ọmọ mi. Ó lè já ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lójijì, kí ọpọlọ àti ọkàn má rí ẹ̀jẹ̀ tó, kí ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Má bá àgbà jà níwájú aláìsàn. Lọ bi dókítà. Wọ́n á tún bi ẹ́ ní potássium, èròjà iyọ̀ tí a ń fún ẹni tí tirẹ̀ dín nínú ẹ̀jẹ̀: a kì í tì í wọ iṣan tààrà láéláé. Omi la ń pò ó mọ́, kó máa kán díẹ̀díẹ̀, torí ó lè dá ọkàn dúró.

Àbúrò mi ní Sábẹ̀, jọ̀ọ́ fi ojú ìwé artésunate yẹn ránṣẹ́ sí mi. Èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn to ìbéèrè tó ń bọ̀, mo sì fura pé 2.4 ló wà nínú tiwa náà.