Wọ́n gbé àbúrò mi dé láti òde, a pè é títí kò jí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àkọ́bí Màámi
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ àbúrò mi ti sú mi. Òde ọjọ́ ìbí ni wọ́n lọ ní Ìkòròdú lálẹ́ àná. Ìdájí òní ni wọ́n já a sílẹ̀ lẹ́nu géètì, wọn ò tiẹ̀ dúró kí n bi wọ́n ní nǹkan kan. Bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ti sọnù. Fóònù tí mo rà fún un lóṣù tó kọjá, mi ò rí i mọ́. Màámi ń sunkún. Bàámi ní a ò gbọdọ̀ gbé e lọ síbì kankan, pé àdúgbò á gbọ́, pé ọlọ́pàá á mú un. Ohun tó tún bí mi nínú ni pé gbogbo wa wà nínú wàhálà, òun ń hanrun lórí àga bí ẹni tó ti oko dé. A pè é, a da omi sí i lójú, kò dáhùn. Màámi fẹ́ fún un ní epo pupa mu. Ṣé ká jẹ́ kó sùn ún tán ni? Báwo ni mo sì ṣe máa bá àwọn ọ̀rẹ́ burúkú yìí wí?

Nọ́ọ̀sì Pàjáwìrì
Ẹ fi ọ̀rọ̀ fóònù àti ọ̀rẹ́ sílẹ̀ ná. Ẹni tó ń hanrun, tí ẹ pè, tí ẹ da omi sí lójú, tí kò jí, ẹni yẹn kò sùn. Ahọ́n àti ọ̀fun rẹ̀ ló ti rọ, tí wọ́n ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà, ìyẹn ni ìró tí ẹ ń gbọ́. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́, kí ẹ fi oríkèé ìka yín ha àárín àyà rẹ̀ dáadáa, ẹ wò ó bóyá á mira. Lẹ́yìn náà ẹ wo àyà rẹ̀, kí ẹ ka iye ìgbà tó mí fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Àgbàlagbà máa ń mí tó ìgbà 12 sí 20. Tí kò bá pé 10, ewu ńlá ni. Ẹ tún ṣí ètè rẹ̀ wò, torí pé awọ dúdú kì í tètè fi hàn, èrìgì àti abẹ́ èékánná ló máa ń kọ́kọ́ rí bíi eérú. Bí ẹ ṣe ń kà á, kí ẹlòmíràn máa pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 767 tàbí 112. Kí ló mu?

Ìyá Aláṣọ
Mílíìkì ni kí ẹ fún un. Tí kò bá sí, epo pupa náà dáa, á fa oògùn yẹn jáde.

Apòògùn Ojúlé Kejì
Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun wà láyé kò lè gbé nǹkan mì. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni epo yẹn á gbà, epo nínú ẹ̀dọ̀fóró sì le ju omi lọ. Ohun tó mu láti òru ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, kò sí nínú ikùn tí ẹnikẹ́ni á ti fà á jáde. Omi iyọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́, kọfí, kò sí èyí tó yẹ kó kan ẹnu rẹ̀. Ẹ má gbé e sábẹ́ omi tútù o.

Àkọ́bí Màámi
Ọtí lásán ló mu. Àbúrò mi kì í mu oògùn, ó wà ní fásitì. Mo kà á, mẹ́jọ ni. Èrìgì rẹ̀ rí bí ẹ ṣe wí. Bàámi ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Nọ́ọ̀sì Pàjáwìrì
Mẹ́jọ kò tó gbé e. Ẹ gbé e kúrò lórí àga, kó nà gbalaja sórí ilẹ̀ líle. Ẹ fi ọwọ́ kan ti iwájú orí rẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ fi ìka méjì gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè. Ìhanrun yẹn lè dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, torí pé ọ̀nà ti ṣí. Tí èébì bá wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ nù ún kúrò. Ẹ fún imú rẹ̀ pa, ẹ fi ẹnu bo ẹnu rẹ̀ pátápátá, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ rí i pé àyà rẹ̀ gbéra. Ẹ ṣe ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́fà. Tí àyà kò bá gbéra, orí ni kò tẹ̀ sẹ́yìn tó, kì í ṣe pé ẹ ò fẹ́ ẹ le tó. Tí kò bá mí mọ́ rárá, tàbí tó kàn ń mí gúlegúle lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àyà ni ẹ máa tẹ̀ báyìí: àárín gbùngbùn, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní 30, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ sọ fún Bàámi pé òfin ètò ìlera Nàìjíríà ọdún 2014 kò gbà kí ilé ìwòsàn kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Owó ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n wà fún ẹni tó bá kọ̀.

Baba Ẹlẹ́kọ̀ọ́
Àìtọ́mọ ló ń fa gbogbo èyí. Ọmọ tí ò gbọ́ ti ìyá, òde á kọ́ ọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Baba, ọmọ yìí ò mí dáadáa. Ẹ jẹ́ ká gbà á là ná.

Àkọ́bí Màámi
Mo pe ọ̀kan nínú wọn. Ó ní ohun tí wọ́n ń pè ní omi gọ́tà ni wọ́n pò sínú jọ́ọ̀gì kan: kodíìnì, tramadol 225, Rohypnol (oògùn oorun), ògógóró àti sóbò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú wa. Ohun kan tún wà tí mi ò rò pé ó ṣe pàtàkì. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, gìrì mú un lẹ́ẹ̀mejì. Oníkẹ́mísíìtì wa gún un ní abẹ́rẹ́ Valium, ara rẹ̀ sì balẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé oorun ni. Kí ni ǹ bá tún ṣe? Ó ń gbọ̀n nígbà yẹn!

Apòògùn Ojúlé Kejì
Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ṣáájú nìyí. Tramadol tó pọ̀jù ló ń fa gìrì yẹn: àpapọ̀ tí dókítà lè kọ fún àgbàlagbà lójúmọ́ kan kì í ju míligíráàmù 400 lọ, horo 225 méjì péré ti kọjá rẹ̀. Kodíìnì, tramadol, Rohypnol àti ọtí, gbogbo wọn ló ń sọ fún ọpọlọ pé kó má rántí mímí mọ́. Oníkẹ́mísíìtì yẹn wá fi Valium kún un. Kò yẹ kó gún un rárá.

Nọ́ọ̀sì Pàjáwìrì
Mi ò gbà pẹ̀lú yín níbẹ̀. Oògùn gìrì ni Valium, àwa náà ń lò ó. Bó ṣe gún un tó sì bá tirẹ̀ lọ ni mo ń bá wí. Ẹni tó gba irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí kodíìnì àti ọtí, ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó tì í pẹ̀lú ohun tí a fi ń fẹ́ atẹ́gùn.

Apòògùn Ojúlé Kejì
Mo gbà. Àkọ́bí, tí ẹ bá dé ẹ̀ka pàjáwìrì, ẹ dárúkọ gbogbo rẹ̀, Valium náà, àti aago tó gbà á. Wọ́n lè fún un ní naloxone, míligíráàmù 0.4 sínú iṣan itan, kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta tí mímí rẹ̀ kò bá yí padà. Ó ń lé kodíìnì àti tramadol kúrò lójú ọpọlọ, ṣùgbọ́n kò ran Rohypnol, Valium tàbí ọtí, kò sì dá gìrì tramadol dúró. Bí kò bá tilẹ̀ jí lẹ́yìn naloxone, ẹ má dáwọ́ ìfẹ́ atẹ́gùn dúró.

Àkọ́bí Màámi
Àńbúláǹsì ò tíì dé. Aládùúgbò ti mú mọ́tò wá. Bàámi fúnra wọn ló gbé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Pàjáwìrì
Ẹ má gbé e jókòó nínú mọ́tò, orí á wó síwájú, á dí ọ̀fun. Àga ẹ̀yìn ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, kí ẹnìkan wà níbi orí rẹ̀ tí á máa fẹ́ atẹ́gùn. Tó bá tún ń mí dáadáa fúnra rẹ̀, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́: orúnkún òkè ká síwájú, ọwọ́ òkè sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹnu kọjú sílẹ̀. Tí gìrì bá tún dé, ẹ má fi ṣíbí tàbí ìka sí i lẹ́nu, ẹ má sì dì í mú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ẹ dákun, tó bá jẹ́ mọ́lì (MDMA, oògùn òde ijó) ni ẹnìkan lò ńkọ́? Ṣé bákan náà ni?

Apòògùn Ojúlé Kejì
Ó yàtọ̀. Mọ́lì kì í mú èèyàn sùn, ara rẹ̀ á gbóná janjan, á máa wa eyín pọ̀, ọkàn á máa sáré, á máa sọ ìsọkúsọ. Ẹ gbé e jáde kúrò níbi ijó, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù nù ún kí ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ fi yìnyín sí abíyá àti itan rẹ̀ níbi tó ti pàdé ara, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kó máa mu omi gálọ́ọ̀nù o. Omi tó pọ̀jù ń dín iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ kù títí ọpọlọ á fi wú. Ìlàjì lítà ní wákàtí kan tó fún ẹni tó ń jó.

Àkọ́bí Màámi
A ti débẹ̀. Wọ́n ti fún un ní naloxone lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fi ọ́síjìn sí i, ó la ojú. Ó ń bínú, ó ní òun fẹ́ máa lọ sílé. Bàámi náà ní ká máa lọ.

Nọ́ọ̀sì Pàjáwìrì
Ẹ má lọ! Ìṣẹ́jú 30 sí 90 ni naloxone ń lò, tramadol á ṣì wà nínú ara rẹ̀ nígbà yẹn, ó sì lè tún gbàgbé mímí nínú mọ́tò. Ìbínú yẹn, oògùn ló fà á, kì í ṣe ìwà. Kó wà lábẹ́ ojú wọn títí wọ́n á fi dá a sílẹ̀. Ó kù ọ̀kan: àwọn mélòó ló mu nínú jọ́ọ̀gì yẹn?

Àkọ́bí Màámi
Mẹ́rin pẹ̀lú òun. Mo ti pe méjì, wọ́n dáhùn. Ẹnì kẹta ò gbé ìpè. Ó ń dá gbé yàrá ní Ọ̀dógùnyàn.

Nọ́ọ̀sì Pàjáwìrì
Ẹ pe ọ̀kan nínú àwọn tó dáhùn, kí òun àti onílé lọ kanlẹ̀kùn báyìí. Tí wọn ò bá gbọ́ ohùn, kí wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn. Tí wọ́n bá bá a tó ń hanrun, kí wọ́n ṣe bí ẹ ti ṣe láàárọ̀ yìí, kí wọ́n sì pe 767 kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohun mìíràn.

Àkọ́bí Màámi
Mo ń pè é lọ́wọ́.