TRCN ni ọ̀gá mi ń bèèrè, kò sì sẹ́ni tó wá wo TP mi

Àdùkẹ́ Ẹ̀gbá
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, inú ló ń bí mi. Ọdún keje rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní Bàọ́lọ́jì ní iléèwé aládàáni kan l'Abẹ́òkúta níbí. Maikirobáọ́lọ́jì ni mo kà ní yunifásítì. Èmi ni mò ń kó àwọn ọmọ lọ síbi ìdíje, èmi ni mò ń dúró ṣe lẹ́sìnnì títí aago márùn-ún, èmi náà ni mo rán aṣọ eré ìparí ọdún fún wọn (wọn ò tíì san owó aṣọ náà dòní). Ọjọ́ Ajé ni ọ̀gá wa obìnrin dé, ó ní ẹni tí kò bá ní ìwé TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé, kó máa wá ibòmíì lọ. Ó wá ń fi ọmọ kékeré kan tó ní NCE (ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́) ṣe àpẹẹrẹ lójú mi. Ọmọ tí èmi fi bí wọ́n ṣe ń lo maikirosíkóòpù hàn!

Mo sì ti ń ṣe PGDE o, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ fún ẹni tó ti ní dìgírì tẹ́lẹ̀. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo ti fi gbogbo Sátidé mi ṣe é, ìyá ọkọ mi ní mo ti sọ ilé di hòtẹ́ẹ̀lì. Mo ṣe TP (ìdánrawò ìkọ́ni nínú kíláàsì) ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo kọ lẹ́sìn nóòtì, mo ya ọkàn èèyàn sára páálí, mo tún ra ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀ de alábòójútó. Ẹnì kankan ò wá. Mo pe kọ́ọ̀dínétọ̀ ibùdó tí mo ti ń kà á, ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé mo lè fi ìwé tó wà lọ́wọ́ mi ṣe ìdánwò TRCN, àbí kí n lọ bẹ̀rẹ̀ NCE bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì?

Ìyá Ìbejì Òṣogbo
Pẹ̀lẹ́ o, Àǹtí. Ẹ má lọ ṣe NCE. NTI Kàdúná, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ olùkọ́, ni mo bá ṣe PGDE tèmi, ibùdó wọn níbí ni mo ń lọ lópin ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí alábòójútó mi wá, òjò ń rọ̀, ṣọ́ọ̀kì ò mú lára pátákó. Bàbá yẹn jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ó sùn lọ. Ó tún wá gé máàkì mi pé n ò pe orúkọ ọmọ kankan. Lójú oorun ló ti gbọ́!

Tíṣà Àgbà
Àdùkẹ́, TRCN kò ní fi dìgírì Maikirobáọ́lọ́jì nìkan gbà ọ́. Ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n ń bèèrè: NCE, B.Ed. (dìgírì iṣẹ́ olùkọ́), PGDE tàbí irú rẹ̀. Ìwé wo gan-an ló wà lọ́wọ́ rẹ? Orúkọ yunifásítì wo ló wà lórí lẹ́tà ìgbaniwọlé rẹ?

Àdùkẹ́ Ẹ̀gbá
Ẹ ṣé, sà. Ọ̀rọ̀ TP ni mo bèèrè o. Ibùdó yẹn sún mọ́ ilé mi ni mo ṣe mú un, ọ̀kadà ẹyọ kan ni. Mo ní ọmọ mẹ́ta, n ò lè máa lọ s'Íbàdàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

NCE Kì Í Ṣẹ̀ṣẹ̀
"Ọmọ kékeré kan tó ní NCE." Ọdún mẹ́ta la fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá iṣẹ́ báńkì tì lẹ wá ń fojú di wá.

Bọ̀dá Físíìsì
Mo mọ oní-NCE kan tó kọ́ àwọn ọmọ pé ẹja ni àbùùbùtán.

NCE Kì Í Ṣẹ̀ṣẹ̀
Èmi náà mọ onídìgírì tó ń ka ìwé sọ́mọ létí láti àárọ̀ dọ̀sán láì kọ ohun kan sára pátákó.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jà. PGDE ni mo ti gbọ́ nípa iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá, onímọ̀ ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ n'Ífẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Látìgbà yẹn ni mo ti ń fi Yorùbá ṣàlàyé bí ewéko ṣe ń dáná oúnjẹ ara rẹ̀. Àwọn tó máa ń sùn ti wá ń jiyàn pẹ̀lú mi.

Àbúrò Manchester
Ẹ gba TRCN o, ó wúlò kọjá Nàìjíríà. Láti oṣù kejì 2023 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣílẹ̀kùn QTS, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tiwọn, fún tíṣà ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè tó bá wá láti Nàìjíríà. Lẹ́tà TRCN wà lára ohun tí wọ́n ń bèèrè.

Tíṣà Àgbà
Ẹ jẹ́ ká parí tilé ná. Gíréèdì Túù, ìwé ẹ̀rí tíṣà àtijọ́, lèmi fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo ti rí oríṣiríṣi. Àdùkẹ́, nọ́ńbà matric (nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́) rẹ ńkọ́? Àkáǹtì ta lo ń sanwó sí?

Àdùkẹ́ Ẹ̀gbá
Matric ò tíì jáde, sà. Yunifásítì kan lókè Ọya ni kọ́ọ̀dínétọ̀ ní ó máa fún wa ní sátífíkéètì. Kíláàsì iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Àkáǹtì òun fúnra rẹ̀ la ń sanwó sí, ó ní ojú òpó yunifásítì ń ṣe wàhálà. ₦95,000 ni mo ti san, owó àjọ ni. Káàdì tó tẹ̀ fún wa ni ìwé tí mo ní.

Bọ̀dá Físíìsì
Yéè! Àǹtí, wọ́n ti lù yín ní jìbìtì.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo
Orí Remita, ojú òpó ìsanwó, ni mo ti san tèmi, gbogbo rìsíìtì ló ní orúkọ NTI lára. Ọdún kan ààbọ̀, ẹ ò bèèrè lẹ́tà?

Àdùkẹ́ Ẹ̀gbá
Pásítọ̀ ni kọ́ọ̀dínétọ̀ yẹn. Àdúrà la fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo kíláàsì. Ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ wa pàápàá dáa, ó kọ́ wa ní Piaget, ọ̀mọ̀wé tó ṣàlàyé bí ọpọlọ ọmọdé ṣe ń dàgbà.

Tíṣà Àgbà
Piaget ò burú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa wá wo TP rẹ torí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, pe iléèwé gboyè kejì yunifásítì yẹn fúnra rẹ, má gba nọ́ńbà lọ́wọ́ kọ́ọ̀dínétọ̀. Bi wọ́n bóyá orúkọ rẹ wà níwèé wọn. NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, ti ti irú àwọn ibùdó bẹ́ẹ̀ pa rẹpẹtẹ. Tí orúkọ rẹ ò bá sí, kó ẹ̀rí owó tó o san jọ, kó o gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ. Lẹ́yìn náà, gba fọ́ọ̀mù NTI tàbí NOUN (yunifásítì ìjọba tí èèyàn lè wà nílé kà), kó o fi lẹ́tà ìgbaniwọlé han ọ̀gá rẹ, kó o bẹ̀ ẹ́ fún àyè. TRCN á dúró dìgbà tó o bá parí.

Àdùkẹ́ Ẹ̀gbá
Mo ti pe kọ́ọ̀dínétọ̀ báyìí, kò gbé e. Ẹ̀yin ará, n ò sọ èyí tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo mú tíṣà méjì níléèwé wa lọ síbẹ̀. Ó fún mi ní ₦5,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà nínú gúrúùpù yìí.

Ṣadé B.
Mo ti ń kà á látàárọ̀, Àǹtí.