Bí mo ṣe yan àdúgbò ní Tucson: omi ni mo kọ́kọ́ wò

Bí ènìyàn bá ń wá àdúgbò tí yóò gbé nínú aṣálẹ̀, ooru ni ọ̀pọ̀ máa ń tẹnu mọ́, wọn kò sì parọ́, nítorí pé ní Tucson, ní ìpínlẹ̀ Arizona tí èmi àti ìdílé mi ń gbé, ooru a máa kọjá 38°C lọ́jọ́ púpọ̀ nínú oṣù kẹfà àti ìkeje. Ṣùgbọ́n kò sí àdúgbò tí oòrùn kì í pa. Ohun tí ó mú ibì kan sàn ju ibòmíràn lọ nínú aṣálẹ̀ yìí ni ọ̀nà tí omi ń gbà, òun ni mo sì fi yan ibi tí a ń gbé.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Nínú ilé tí wọ́n ti ń sọ ìtàn omíyalé Ògùnpa ti ọdún 1980 fún ọmọdé ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, nítorí náà, bí ilé ti wù kí ó dára tó, n ó béèrè ibi tí àgbàrá ń gbà kọjá. Ejẹ́ǹtì tí ó ń mú wa wo ilé kiri bú sẹ́rìn-ín nígbà tí mo béèrè. Ó ní òjò tí ń rọ̀ ní Tucson lọ́dún kan gbáko kò ju nǹkan bí 300 mìlímítà lọ. Òótọ́ ni ó sọ, àmọ́ nǹkan bí ìdajì òjò náà ni ó ń rọ̀ láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ní àkókò tí wọ́n ń pè ní monsoon, a sì máa dà lẹ́ẹ̀kan náà sórí ilẹ̀ líle tí kì í tètè fa omi mu. Ojú àgbàrá tí wọ́n ń pè ní wash ni gbogbo rẹ̀ ń wọ́ lọ, ipadò oníyanrìn tí ó ń gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí àwọn ènìyàn ń mú ajá wọn rìn nínú rẹ̀.

Ilé kan wà nítòsí Tanque Verde Wash tí owó rẹ̀ rọjú ju ti gbogbo ìyókù lọ. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ tẹ́jú, àwọn igi mesquite ńláńlá ṣíji bò ó, ìyàwó mi sì ti ń sọ ibi tí òun yóò gbé àga sí. Mo bá rìn dé ìdí àwọn igi náà. Koríko gbígbẹ, ọ̀rá àti àjákù okùn ti lọ́ mọ́ ẹ̀ka wọn, ó ga tó àyà mi, gbogbo rẹ̀ sì na sí apá kan náà bí ẹni pé wọ́n fi ìyarun yà á. Afẹ́fẹ́ kì í to nǹkan báyẹn. Ìyá àgbà kan ń wò wá láti ilé kejì. Nígbà tí mo kí i, ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀ ògiri rẹ̀, níbi tí àpá ẹrẹ̀ kò tíì ṣí, ó ní ti oṣù kẹjọ tó kọjá ni. Ejẹ́ǹtì wa ń wo fóònù rẹ̀.

Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò gbà fún un. Nígbà tí odò Santa Cruz àti Rillito ní Tucson kún ní oṣù kẹwàá ọdún 1983, bèbè ni ó ya lábẹ́ àwọn ilé kan tí wọ́n fi ṣubú sínú omi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ tí a pò mọ́ símẹ́ńtì de ọ̀pọ̀ bèbè odò ńlá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wash kékeré ni kò rí irú rẹ̀ gbà. Ìjọba Pima County, ìjọba ìbílẹ̀ tí Tucson wà lábẹ́ rẹ̀, ní máàpù àgbàrá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ilé bá bọ́ sí ibi tí omi ń dé, báńkì tí ń yáni lówó yóò sábà fi owó adójútòfò àgbàrá ṣe dandan.

Ẹ wo ọ̀nà náà, kì í ṣe ilé nìkan. Ọ̀pọ̀ títì kéékèèké ni kò ní afárá, inú wash gan-an ni wọ́n gbà kọjá. Bí òjò bá rọ̀ lórí òkè Catalina tí ó wà lẹ́bàá ìlú, omi lè bá yín lójú títì nígbà tí oòrùn ń ràn lórí yín. Láti ọdún 1995 ni òfin ti wà pé awakọ̀ tí ó bá yí ìdènà kọjá wọ inú omi lè san owó tí wọ́n ná láti yọ ọ́. Òfin awakọ̀ òmùgọ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, wọn kò fi bò. Apá ìlà-oòrùn, lódìkejì Pantano Wash, ni a yàn nítorí pé títì ńlá Broadway àti Speedway ní afárá níbẹ̀. Àǹfààní mìíràn ni pé bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárín ìlú ní òwúrọ̀, tí mo sì ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn mi ni oòrùn máa ń wà.

Ní ti ariwo bàlúù, ẹ wádìí bí ilé náà ṣe jìnnà tó sí ibùdó ọmọ ogun òfuurufú Davis-Monthan kí ẹ tó sanwó.

Ẹ béèrè irú ẹ̀rọ tí ń mú ilé tutù pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ló ń lo swamp cooler, tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú ohun tí omi ti rin. Iná tí ó ń jẹ kò tó nǹkan, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ṣùgbọ́n bí ọ̀rinrin monsoon bá dé, agbára rẹ̀ tán nìyẹn.

Àwọn ejẹ́ǹtì fẹ́ràn kí ènìyàn wá wo ilé ní oṣù kìíní, nígbà tí ojú ọjọ́ tutù. Oṣù keje ni kí ẹ lọ, lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ dúró ní yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Bí iṣẹ́ kò bá jẹ́ kí ẹ dúró di ìgbà náà, ẹ kọ́kọ́ háyà ilé títí oṣù kẹsàn-án yóò fi parí, kí ẹ tó ra ohunkóhun.